Sophiatown: Ìlú Aláwọ̀ Dúdú Tí Ìwé Ilẹ̀ Rẹ̀ Di Ẹ̀sùn

Ní òpópónà Albert, nọ́ńbà 80, ní Marshalltown tó wà láàárín gbùngbùn Johannesburg, ilé alájà márùn-ún kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ burúkú. Ní ìdájí ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, iná ṣẹ́ yọ nínú ilé náà, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 70. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló wá láti Màláwì, Tànsáníà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Wọ́n fi pákó àti páálí pín inú ilé náà sí yàrá kéékèèké, ìdílé sì há mọ́ ìdílé. Ìjọba ìlú Johannesburg fúnra rẹ̀ ló ni ilé náà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Sisi Khampepe ṣe alága rẹ̀ jábọ̀ ní ọdún 2024, ó ní ìjọba ìlú náà jẹ̀bi.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ilé yìí kí ó tó di ibùgbé aláìní ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ní àwọn ọdún 1950 àti lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ni ọ́fíìsì tí ẹni dúdú ti ń tò fún ìwé àṣẹ láti wà ní Johannesburg. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1952 sọ ọ́ di dandan kí ẹni dúdú tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 máa gbé ìwé kan kiri, ìwé tí àwọn tó ń gbé e fi ẹ̀gàn pè ní dompas. Ọkùnrin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kó tó kan obìnrin. Ẹni tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò bá pé kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí 72 lọ nígboro. Kí èèyàn tó lè ní ẹ̀tọ́ láti dúró pẹ́, àfi kó jẹ́ pé ìlú yẹn ni wọ́n bí i sí tí kò sì kúrò níbẹ̀ rí, tàbí kó ti sin ọ̀gá kan ṣoṣo fún ọdún 10, tàbí kó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 15 láìrú òfin. Ọdún 1986 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà.

Ohun tí òfin yìí ń sọ kò ṣòroó gbọ́: gbogbo ẹni dúdú tó wà ní Johannesburg, alájò ni. Ó wá ṣiṣẹ́ ni. Bí iṣẹ́ bá parí, kó máa lọ sílé. Àwa Yorùbá náà gbà pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n kí ni ká ti gbọ́ ti ẹni tó jẹ́ pé Johannesburg gan-an ni ilé rẹ̀, tó ra ilẹ̀ níbẹ̀, tó kọ́lé sórí rẹ̀, tó sì bímọ sínú rẹ̀? Ní nǹkan bíi kìlómítà 7 sí ìwọ̀ oòrùn Marshalltown, ìlú kékeré kan wà tó kún fún irú onílé bẹ́ẹ̀. Sophiatown lórúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń kì í ní Kofifi.

Ilẹ̀ tí òyìnbó kọ̀

Ọdún 1886 ni wọ́n rí góòlù ní Witwatersrand. Kò pẹ́ tí Marshalltown fi kún fún ọ́fíìsì àwọn ilé-iṣẹ́ awakùsà, tí ọkùnrin dúdú láti ìlú jíjìn sì ń rọ́ wá wọ kòtò. Ní 1897, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Hermann Tobiansky ra ilẹ̀ éékà 237 lẹ́yìn ìlú. Ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀, Sophia, sọ ibẹ̀, ó sì fi orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sọ díẹ̀ nínú àwọn òpópónà: Toby, Gerty, Bertha, Edith.

Òyìnbó ni Tobiansky fẹ́ tà á fún. Àmọ́ ibi tí ìjọba ìlú ń da ìgbẹ́ àti ẹ̀gbin sí kò jìnnà síbẹ̀, òyìnbó tó lówó lọ́wọ́ kò sì fẹ́ máa fi òórùn ìgbẹ́ jí láràárọ̀. Oníṣòwò kì í fẹ́ kí ọjà kú sí òun lọ́wọ́. Tobiansky bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá lè san owó: ẹni dúdú, ará Íńdíà, ará Ṣáínà, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn pò mọ́ra, àti òyìnbó tí kò rí já jẹ. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1920, ọ̀pọ̀ òyìnbó ti kó jáde, ìlú náà sì di ti àwọn dúdú.

Ní 1913, òfin ilẹ̀ tó le jáde. Ó fi nǹkan bí ìdá 7 péré nínú 100 ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ fún àwọn dúdú tí wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 1936 ni wọ́n bù kún un títí ó fi di ìdá 13. Sophiatown àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, Martindale àti Newclare, ti wà kí òfin náà tó dé. Alexandra ní ìhà àríwá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912, náà wà lára wọn. Ìlú kékeré bíi mélòó kan wọ̀nyí ló kù ní Johannesburg tí ẹni dúdú ti lè di ìwé ilẹ̀ mú lọ́wọ́.

Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín onílé àti ayálégbé ní Mushin tàbí ní Mọ́kọ́lá yóò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ní Orlando, tí ìjọba ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní àwọn ọdún 1930, ìjọba ni onílé; ọ̀gá òyìnbó kan ló ń ṣàkóso àdúgbò, ó lè lé ènìyàn, ó sì lè sọ pé àlejò kò gbọdọ̀ sùn. Ní Sophiatown, onílé lè kọ́lé bó ti wù ú. Ó lè fi ìwé ilẹ̀ dúró yá owó, ó lè gba ayálégbé, ó sì lè fi ilé sílẹ̀ fún ọmọ.

Gbèsè wà nínú ẹ̀ ṣá o. Ọ̀pọ̀ onílé ló yáwó ra ilẹ̀, kí wọ́n sì tó lè san án, wọ́n ní láti kọ́ yàrá kún àgbàlá, kí wọ́n kó ayálégbé sí i. Ìdílé púpọ̀ ń pín ẹ̀rọ omi kan àti ṣáláńgá kan. Nígbà tí ọdún 1950 fi máa dé, àwọn tó ń gbé ìlú náà ti tó 60,000. Owó ilé wọ́n, ìgboro dọ̀tí, àrùn ń jà. Ẹni tó bá sọ pé Sophiatown kò ní ìṣòro, irọ́ ló ń pa.

Dókítà, àlùfáà àti ìyá ọlọ́tí

Nọ́ńbà 73, òpópónà Toby, ni Dókítà Alfred Bitini Xuma kọ́ ilé rẹ̀ sí ní 1935. Ó pe ilé náà ní Empilweni. Darandaran ni Xuma nígbà èwe rẹ̀ ní Transkei. Ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà ní 1913, ó kàwé ní Tuskegee, lẹ́yìn náà ní Minnesota àti Northwestern, ó sì padà wálé gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn òyìnbó. Láti 1940 sí 1949, òun ni ààrẹ ANC, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú. Ìyàwó rẹ̀, Madie Hall, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú láti North Carolina, ló kọ́kọ́ ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ obìnrin ANC. Ní 1946, Xuma lọ sí New York láti sọ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé kí wọ́n má fi ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàmíbíà lónìí lé ìjọba Gúúsù Áfíríkà lọ́wọ́. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni alábàágbé fọṣọfọṣọ, bíríkìlà àti òṣìṣẹ́ ilé ìwakùsà ní Sophiatown, nítorí ìwọ̀nba àdúgbò ni owó rẹ̀ lè rà fún un.

Kò jìnnà sílé dókítà ni ìjọ Áńgílíkà ti Kristi Ọba wà, ní òpópónà Ray. Ní 1943, àlùfáà òyìnbó kan, Trevor Huddleston, dé síbẹ̀ láti Ìlú Ọba. Bíṣọ́ọ̀bù Desmond Tutu máa ń sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun rí i tí òyìnbó yìí ṣí fìlà fún ìyá òun lójú pópó, ìyá òun tó sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìdáná. Ẹni tó bá mọ Gúúsù Áfíríkà nígbà náà mọ̀ pé ohun tí ojú kì í sábà rí ni. Huddleston yìí náà ló bá ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hugh Masekela wá tìrọ́ńpẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àkọ́kọ́ nílé ìwé St Peter's. Nígbà tó yá, Louis Armstrong fi tìrọ́ńpẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ náà láti Amẹ́ríkà. Masekela dàgbà di gbajúmọ̀, ó wá sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó dé ọ̀dọ̀ Fẹlá, Fẹlá ló sì mú un mọ ẹgbẹ́ olórin Hedzoleh ti Gánà tí wọ́n jọ ṣe àwo.

Òfin ò gbà kí ẹni dúdú ra ọtí òyìnbó títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nítorí náà àwọn ìyá ọlọ́tí ló ń fi ilé ọtí ìkọ̀kọ̀ bọ́ ọmọ. Wọ́n ń pọn ọtí, wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀ bí ọlọ́pàá bá ń bọ̀, wọ́n sì ń fi èrè rẹ̀ san owó ilé ìwé. Orúkọ àwọn ilé ọtí wọ̀nyí ṣì wà lẹ́nu àgbà títí dòní: Back of the Moon, Thirty-Nine Steps. Yàrá tí Can Themba, olùkọ́ tó di akọ̀ròyìn, ń gbé ní òpópónà Ray ni wọ́n ń pè ní House of Truth. Ibẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé àti ọmọ ìta ti ń jiyàn mọ́jú.

Themba àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Bloke Modisane, Nat Nakasa, Todd Matshikiza, ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn Drum, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Àwọn òǹkàwé wa tó ti dàgbà yóò rántí Drum, nítorí ó ní ẹ̀dà tirẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n sì ń tà á ní Èkó àti Ìbàdàn. Henry Nxumalo ni akíkanjú wọn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ jáde láìmú ìwé àṣẹ dání kí ọlọ́pàá lè mú un, kó bàa lè fojú ara rẹ̀ rí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹlẹ́wọ̀n. Ìròyìn tó kọ nípa rẹ̀ mì ìlú tìtì. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1956, wọ́n gún un pa lójú pópó.

Orin ńkọ́? Dolly Rathebe, tó kópa nínú fíìmù tó jáde ní 1949, àti Miriam Makeba ọ̀dọ́ kọrin níbẹ̀. Sinimá Odin ní òpópónà Good ń gba èrò rẹpẹtẹ. Ayàwòrán Gerard Sekoto gbé ní Sophiatown, ó sì ya àwọn ilé aláwọ̀ ìyeyè tó wà lójú òpópónà kan níbẹ̀. Ilé àwòrán ìjọba Johannesburg ra àwòrán náà ní 1940. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni dúdú kò wọ ibẹ̀ rí kó tó dìgbà náà.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn jàǹdùkú pọ̀ bí eṣú. Ẹgbẹ́ Americans ń wọ aṣọ olówó ńlá, wọ́n ń wa ọkọ̀ bọ̀gìnnì, wọ́n sì ń jí ẹrù nínú ọkọ̀ ojú irin. Berliners, Gestapo àti Vultures náà wà. Lónìí, fíìmù máa ń fi wọ́n ṣe ẹwà. Obìnrin tó ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìsanwó oṣù kò rí ẹwà kankan lára wọn.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ọdún 1955

Nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà gorí oyè ní 1948, Sophiatown jẹ́ egungun lọ́nà ọ̀fun wọn. Ilé àwọn òyìnbó ti tàn dé ìtòsí rẹ̀. Wọ́n ní ibi ẹlẹ́gbin ni, wọ́n ní ibùba ọ̀daràn ni. Ẹ̀sùn yẹn ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbin ni wọ́n ń bá jà, ẹ̀rọ omi àti kọ̀tọ̀ ni wọn ì bá gbé wá. Wọn ì bá sì fi ilé rere sílẹ̀, kí wọ́n wó ahéré. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1954 kò yan ilé kan yàtọ̀ sí òmíràn: gbogbo ẹni dúdú gbọ́dọ̀ jáde, onílé alárà àti ayálégbé alágbàlá. Nítorí pé ìjọba ìlú Johannesburg kò yá sí i, Hendrik Verwoerd, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn dúdú, gbé ìgbìmọ̀ tirẹ̀ kalẹ̀ láti ṣe é.

ANC ní àwọn kò ní lọ. Nelson Mandela àti Oliver Tambo, tí wọ́n ṣí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò wọn ní 1952 sí Chancellor House, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Marshalltown, wà lára àwọn tó ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n ń pàdé ní gbàgede tí wọ́n sọ ní Freedom Square, wọ́n sì pàdé ní sinimá Odin. Ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1955 ni ìjọba dá láti kó wọn jáde. Àmọ́ wọ́n tàn wọ́n. Ní ìdájí ọjọ́ 9, nínú òjò, ọlọ́pàá bí 2,000 ya wọ ìlú pẹ̀lú ìbọn, lọ́rì àwọn ológun sì tò tẹ̀lé wọn. Ìdílé 110 ni wọ́n kọ́kọ́ kó ẹrù wọn lọ sí Meadowlands, nínú ibi tí à ń pè ní Soweto lónìí. Bí wọ́n ti ń gbé àga àti ibùsùn sórí ọkọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń wó ògiri lẹ́yìn wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa padà wọlé.

Wíwó náà gba ọdún bíi márùn-ún. Inú àwọn ayálégbé kan dùn láti lọ, nítorí ilé Meadowlands ní àgbàlá tirẹ̀, wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ owó ilé gọbọi. ANC kò fi gbogbo ara ka ìyẹn sí, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjà náà rọ̀. Àwọn onílé ló pàdánù jù. Ní Meadowlands, ìjọba ló ni ilẹ̀. Wọ́n sì pín ibùgbé ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, Súlù lọ́tọ̀, Tswana lọ́tọ̀, Sótò lọ́tọ̀, kí àwọn tó ti jọ gbé ojúlé kan má bàa jọ gbé mọ́. Mandela kọ ọ́ lẹ́yìn náà nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé ìjà Sophiatown wà lára ohun tó jẹ́ kí òun gbà pé àfi kí àwọn gbé ohun ìjà. Dókítà Xuma pẹ̀lú kó jáde nígbẹ̀yìn. Ilé rẹ̀ àti ìjọ Kristi Ọba wà lára ìwọ̀nba tí katapílà kò wó. Wọ́n kọ́ ilé fún òṣìṣẹ́ òyìnbó sórí ìyókù, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Triomf, èyí tó túmọ̀ sí ìṣẹ́gun.

Èkó, ní ọdún kan náà

Ní 1955 yẹn gan-an, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àjọ LEDB, tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kiri, ní kí àwọn tún àárín Èkó ṣe kí òmìnira tó dé. Wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Òyìnbó kan, Peter Marris, tẹ̀ lé àwọn ìdílé náà, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1961. Ó rí i pé àwọn ìyá tó ń tajà pàdánù oníbàárà wọn, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń gbé agbo ilé kan sì fọ́n ká. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nílé wa, kì í ṣe àwọ̀ ara ni wọ́n fi lé ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ṣèlérí pé onílẹ̀ lè ra ilẹ̀ padà. Ohun tó jọra ni pé wọ́n fi orúkọ ẹ̀gbin bo ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ti di olówó iyebíye.

Ní oṣù Keje ọdún 1990, nígbà ìjọba ológun Raji Rasaki, wọ́n wó Màrókò, àdúgbò kan ní Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn tí wọ́n lé tó 300,000. Ilé olówó ńlá ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí.

Ohun tó padà, ohun tí kò padà

Ní 1994, ìjọba tuntun ní Gúúsù Áfíríkà ṣe òfin pé ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ nítorí àwọ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 1913 lè béèrè fún un tàbí kó gba owó dípò. Ní oṣù Kejì ọdún 2006, wọ́n yọ orúkọ Triomf, wọ́n dá orúkọ Sophiatown padà. Ilé Dókítà Xuma ti di ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìtàn ìlú náà sí. Wọ́n gbé eérú Huddleston, tó kú ní 1998, sí ẹ̀gbẹ́ ìjọ rẹ̀.

Àmọ́ ìlú kọ́ ni orúkọ. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí kọ́ ni ọmọ àwọn tí wọ́n lé, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ṣì ń gbé Soweto. Orin Kofifi ti yí ayé po, ṣùgbọ́n orin kò dá ilé kankan padà fún onílé. Ní Marshalltown pẹ̀lú, òfin ìwé àṣẹ ti kú ní 1986, síbẹ̀ ilé tí wọ́n ti ń fi òǹtẹ̀ lù ú ló padà jó àwọn tí kò ríbi gbé láàárín ìgboro. Títí di òní, Johannesburg kò tíì dáhùn ìbéèrè náà tán: ta ló ní ẹ̀tọ́ láti fi ìgboro ṣe ilé?

Ìbéèrè yẹn kan àwa náà. Àwọn tó ń ṣètò ìlú ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, kí ẹ tó rán katapílà jáde, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìyá tó ń tajà lójú ilé rẹ̀ yóò tún pàtẹ ọjà sí, kí ẹ sì sọ ọ́ sínú ìwé kí ilé àkọ́kọ́ tó wó. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jókòó ti àwọn àgbà yín, kí ẹ gba orúkọ àdúgbò, ojúlé àti ẹni tó kọ́ ọ sílẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ tí baba fi sílẹ̀, ẹ má fi í sábẹ́ ibùsùn kí ikán jẹ ẹ́. Ní Sophiatown, ìwé ilẹ̀ kò gba ilé là lọ́jọ́ tí ìbọn dé, ṣùgbọ́n ogójì ọdún lẹ́yìn náà, òun ni ẹ̀rí tí ọmọ onílé lè gbé síwájú ìjọba. Ẹni tí kò ní ìwé, tí kò sì ní ẹlẹ́rìí, ìjọba tó bá fẹ́ lè sọ ọ́ di àlejò nínú ilé baba rẹ̀.